RAM ni àbí Windows? Ẹ wá sọ tiyín

Onítẹ̀wé, Ìlẹ́ṣà
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòsí Èréjà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe ìwé ìkésíni ìnáwó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì: ojú ẹ̀ á di búlúù, á sì tún ara ẹ̀ tàn. Lónìí á kọ MEMORY_MANAGEMENT, lọ́la PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA, nígbà mìíràn IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní ká fọ́máàtì ẹ̀. Mo ní rárá o. Tó bá jẹ́ dráífà kan (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ohun èlò bíi Wi-Fi) ló bàjẹ́, ẹjọ́ kan náà ló sábà máa ń rò. Ẹjọ́ tó bá ń yí àwọ̀ bí agẹmọ, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Mo gbé Memtest86+, ètò tó ń yẹ RAM wò, sórí fláàṣì, mo fi tan kọ̀ǹpútà náà láìjẹ́ kí Windows jí, torí ibi tí Windows bá ti jókòó lé nínú RAM kò ṣe é yẹ̀ wò. Mo fi sílẹ̀ mọ́jú (ínfátà ló gbé e ró, ẹ ṣáà mọ iná wa). Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àṣìṣe ti kún ojú ẹ̀. Ọ̀kan péré gan-an ti pọ̀ jù. RAM méjì ló wà níbẹ̀. Mo dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan, mo sì mú ọ̀daràn.

Àwọn fọ́tò oníbàárà tí mo dà kọ lásìkò yẹn ló dùn mí jù. Òmíràn ò ṣí mọ́. Ohun tó bá gba inú RAM tó bàjẹ́ kọjá lè ti bàjẹ́ kó tó dé dísìkì.

Ọmọ Ifẹ̀, Parakin
Linux ni tèmi, kì í ṣe Windows; kernel panic (bí Linux ṣe ń kú lójijì nìyẹn) lójoojúmọ́. Memtest fi àṣìṣe hàn, owó RAM tuntun ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ́kọ́ gbé e sí ihò kejì. Mo tún dán an wò, àṣìṣe ò sí mọ́! Eruku ọyẹ́ ló wà nínú ihò àkọ́kọ́.

Ará Lágere
Ẹ má di gbogbo ẹ̀ ru RAM o. Memtest ò rí nǹkan kan nínú tèmi. Mo fi WinDbg, ètò Microsoft tó ń wá ìdí àṣìṣe, ṣí àwọn fáìlì tí Windows kọ sílẹ̀ nígbà tó kú, nínú C:\Windows\Minidump, mo tẹ !analyze -v: dráífà Wi-Fi kan náà ló ń jáde nínú gbogbo wọn. Mo pààrọ̀ ẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n fáìlì kan ṣoṣo ò tó ẹ̀rí, torí RAM burúkú lè ti ẹ̀bi sí dráífà tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Onítẹ̀wé, Ìlẹ́ṣà
Ẹ ṣé gan-an. Ará Parakin, kí lẹ fi nu ihò yẹn?

Ọmọ Ifẹ̀, Parakin
Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ. Ẹnu RAM fúnra ẹ̀, írésà àwọn ọmọ iléèwé ni mo fi rọra nù ún. Ẹ ti yọ wáyà iná kúrò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan o.