Bíréèkì wo ló lè dúró fún kẹ̀kẹ́ downhill? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Gẹ̀rẹ́Òkè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ pààrọ̀ bíréèkì kẹ̀kẹ́ downhill mi, èyí tí mo fi ń sáré sọ̀kalẹ̀ òkè. Oní-písítìnì méjì tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì ló wà lára rẹ̀ báyìí, dísìkì rẹ̀ jẹ́ 180 mm níwájú àti lẹ́yìn. Kílò 96 ni mo wọ̀n, BikePark Wales, ọgbà kẹ̀kẹ́ orí òkè ní Wales, ni mo ti ń gùn ún, ẹrẹ̀ ibẹ̀ ò sì kéré. Bí mo bá máa fi sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì òkè, ọwọ́ bíréèkì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan hándù. Èwo ni kí n rà, báwo ni mo sì ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Sípánà8
Kí owó tó jáde lápò, ẹ kọ́kọ́ mọ irú àárẹ̀ tó ń mú bíréèkì yín, nítorí oríṣi méjì ni. Bí ọwọ́ bíréèkì bá ń rọ̀ tó ń wọlé dé hándù, epo inú rẹ̀ ló ti hó. Epo kò ṣeé fún pọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó jáde lára epo tó hó ṣeé fún pọ̀, orí rẹ̀ sì ni agbára ìka yín ń parí sí. Oríṣi kejì ni pé ọwọ́ bíréèkì á le gbagidi, kẹ̀kẹ́ ò sì ní dúró. Páàdì, ìyẹn èyí tó ń fún dísìkì mọ́ra, ló gbóná kọjá ààlà nígbà yẹn. Tiyín jọ ti àkọ́kọ́.

Dísìkì ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ di ńlá. Láti 180 sí 203, agbára ìdádúró á fi nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 lé sí i láìjẹ́ pé ẹ fi kún agbára ìka, irin tó ń gba ooru náà á sì pọ̀ sí i. Iwájú àti ẹ̀yìn ni o. Ẹ wo ìwé fọ́ọ̀kì àti fírémù yín bóyá wọ́n gbà á, kí ẹ sì ra adápítọ̀ tó bá a mu, ìyẹn irin tí a fi ń de kálípà (ilé písítìnì àti páàdì) mọ́ kẹ̀kẹ́. 200 tí iléeṣẹ́ SRAM ń lo àti 203 ti iléeṣẹ́ Shimano kì í ṣe ọ̀kan náà: bí ẹ bá de kálípà síbi ti 200 tí ẹ wá fi dísìkì 203 sí i, mílímítà kan àtààbọ̀ ló fi kù, etí dísìkì sì lè máa ha kálípà nínú.

Ní ti bíréèkì fúnra rẹ̀, oní-písítìnì mẹ́rin ni. Shimano SLX M7120 ni màá ní kí ẹ rà. XT M8120 ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára jù ú lọ. Ẹ fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra páàdì àti dísìkì tó dáa.

Àràbà
Mi ò bá ọ̀gá jiyàn lórí dísìkì, àmọ́ fún kílò 96 lórí òkè gígùn, SRAM Maven tàbí TRP DH-R Evo ni màá wò. Dísìkì TRP nípọn tó 2.3 mm, 1.8 ni ti Shimano. Èyí tó nípọn kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè wọ́. Maven lágbára gan-an. Ẹni kílò 60 lè fi ìka kàn án lásán kí táyà ti há. Tiyín yàtọ̀.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ
Ẹ ò tíì mẹ́nu kan epo, ibẹ̀ ni àṣìṣe sì ti ń náni lówó jù. Shimano, Magura, TRP àti Maven ń lo epo tí wọ́n ń pè ní mineral oil. SRAM Code àti Hope ń lo DOT, irú epo bíréèkì ọkọ̀. Méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé, ìbáà ṣe nínú síríǹjì. Síìlì tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan, èkejì á mú un wú, písítìnì á há, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ fọ̀ ọ́ tó máa bọ̀ sípò.

DOT máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. DOT 5.1 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 260 °C. Bó bá ti mu omi, òṣùwọ̀n náà já wálẹ̀ sí 180. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, tí a kì í sì í fi ìgò tí a ti ṣí pa mọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Mineral oil kì í fa omi, ṣùgbọ́n omi tó bá ráyè wọlé kò ní pò mọ́ ọn. Á rọ̀ sísàlẹ̀ sínú kálípà, níbi tó gbóná jù, á sì hó ní 100. Nítorí náà, "mineral kì í bàjẹ́" táwọn kan ń sọ, irọ́ ni.

DOT 5 tí kò ní .1 níwájú, sílíkónì ni. Ẹ má dà á sí i.

ÌyáOníkẹ̀kẹ́
Fún ẹrẹ̀ Wales, páàdì onírin, tí wọ́n kọ "sintered" tàbí "metal" sí, ni kí ẹ lò. Ó ń pariwo díẹ̀, kò sì tètè mú bó bá tutù, ṣùgbọ́n ó ń fara da ooru. Páàdì resin, èyí tí kì í ṣe onírin, máa ń mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àmọ́ iyanrìn inú ẹrẹ̀ á jẹ ẹ́ tán kíákíá. Bí wọ́n bá kọ "resin pad only" sára dísìkì, ẹ má fi onírin sí i, á jẹ dísìkì náà run.

Tí ẹ bá ti fi páàdì tuntun sí i, ẹ má gbé e lọ sórí òkè lọ́jọ́ náà láìtẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ẹ wá ojú ọ̀nà tó tẹ́jú: ẹ sáré níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ẹ tẹ bíréèkì kan ṣoṣo títí á fi dà bí ìrìn ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kí táyà há, ẹ má sì dúró pátápátá. Nǹkan bí ìgbà 20. Lẹ́yìn náà, ìgbà 10 pẹ̀lú eré tó ju ìyẹn lọ. Kí ẹ wá ṣe bíréèkì kejì bákan náà.

Ẹ pààrọ̀ páàdì Shimano bó bá ku 0.5 mm, dísìkì wọn bó bá ti fẹ́lẹ́ dé 1.5 mm.

Gẹ̀rẹ́Òkè
Ẹ ṣé gan-an. SLX ni mo máa mú. Ọ̀gá Sípánà, blíìdì rẹ̀, ìyẹn lílé afẹ́fẹ́ kúrò nínú epo rẹ̀, ńkọ́? Ṣé mo lè dá a ṣe nílé?

Sípánà8
Ẹ lè ṣe é. Ẹ yọ táyà, ẹ yọ páàdì, kí ẹ gbé e jìnnà, torí epo ẹyọ kan péré ti tó láti bà á jẹ́. Ẹ ti písítìnì wọlé, kí ẹ ki bulọ́ọ̀kù aláwọ̀ ìyeyè tó bá a wá sáàárín. Ẹ yí ọwọ́ bíréèkì kó tẹ́jú, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ Allen 2.5 mm tú skúrù orí rẹ̀, kí ẹ de fọ́nẹ̀lì mọ́ ọn, ẹ da epo sí i.

Ẹ so síríǹjì tó kún fún epo mọ́ nípù kálípà (ẹnu kékeré tí epo ń gbà), ẹ tú nípù náà díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ yíyí kan ti tó. Ẹ rọra ti epo gòkè. Ìsàlẹ̀ sókè ni, nítorí òkè ni afẹ́fẹ́ fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Bí fọ́nẹ̀lì ò bá yọ hóró afẹ́fẹ́ mọ́, ẹ dì í. Ẹ wá fi páìpù àti ọ̀rá rọ́pò síríǹjì, kí epo ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ máa fi igi sípánà kan kálípà àti họ́ọ̀sì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ fún ọwọ́ bíréèkì mọ́ra, ẹ ṣí nípù fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ dì í kíá kí ẹ tó tú ìka sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ ọwọ́ bíréèkì léraléra, ẹ yí i sókè díẹ̀, ẹ yí i sísàlẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni hóró tó ti fara pa mọ́ máa ń jáde.

Ẹ fi ìdérí dí ihò fọ́nẹ̀lì kí ẹ tó yọ ọ́. Skúrù kékeré yẹn ò fẹ́ agbára rárá. Ẹ fi isopropyl (ọtí ìnu-nǹkan) nu gbogbo rẹ̀ kí páàdì tó padà.

Tí ẹ bá gé họ́ọ̀sì kúrú, olive àti insert tuntun (òrùka àti irin kékeré tó ń di ẹnu họ́ọ̀sì mú) ni kí ẹ lò. Ti àtijọ́ ti fún mọ́ra, á máa jò.

Gẹ̀rẹ́Òkè
Ó kù kan. Mo máa ń fọ́n epo sí ṣéènì, bíréèkì ẹ̀yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé kí n fi sàǹdìpépà ha páàdì?

ÌyáOníkẹ̀kẹ́
Epo ọ̀hún ló ń ta sí dísìkì. Ẹ fi isopropyl àti aṣọ mímọ́ nu dísìkì. Páàdì tó ti mu epo, ẹ sọ ọ́ nù: epo ti wọnú rẹ̀, ojú nìkan kọ́ ló wà. Sàǹdìpépà wúlò fún èyí tó kàn ń dán. Ṣéènì yẹn, ẹ máa kán epo sí i ní ẹyọ-ẹyọ, ẹ má fọ́n ọn mọ́.

Àràbà
Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ọwọ́ tí wọ́n so bíréèkì iwájú mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tún ni, bíi ti ọ̀kadà nílé. Tí ẹ bá rà á láti Jámánì tàbí Amẹ́ríkà, òsì ló máa wà. Bí ẹ bá wá fẹ́ gbé e sí ọ̀tún, ẹ lè nílò àtigé họ́ọ̀sì nìyẹn.