"Orúkọ awo" ni mo fọwọ́ sí, kì í ṣe "orúkọ òtítọ́"

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Àjàṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìtàn oṣó dábàá "orúkọ òtítọ́" fún orúkọ ìkọ̀kọ̀ tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò fi ní agbára lórí ẹni tó ń jẹ́ ẹ. N kò fara mọ́ ọn rárá. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òtítọ́, ṣé irọ́ ni ìyókù? Ìlú wa yìí ń jẹ́ Àjàṣẹ́ lẹ́nu àwa Yorùbá, àwọn Gùn ń pè é ní Hogbonu, ìwé ìjọba sì ń pè é ní Porto-Novo. Èwo ni irọ́ níbẹ̀? Ọmọ tó ń jẹ́ Pierre nínú ìwé ìbí, tí ìyá àgbà ń kì ní Àjàní, ẹnìkan náà ni. Orúkọ tí o bá fi pè é ló ń sọ ohun tí o jẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn oṣó tí Ursula K. Le Guin kọ ní 1968, A Wizard of Earthsea. Duny ni ìyá ọmọkùnrin inú ìtàn náà sọ ọ́. Nígbà tó di ọmọ ọdún 13, wọ́n gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ó la omi tútù kọjá ní ìhòòhò, láìlórúkọ, oṣó kan, Ogion, sì sọ orúkọ tuntun sí i létí ní òdìkejì: Ged. Àṣá ni gbogbo ayé ń pè é. Nítorí náà, "àmútọ̀runwá" tí ẹlòmíràn dábàá kò bá a mu: wọ́n fún Ged lórúkọ ni, àti pé ta ni kì í mọ Àìná tàbí Òjó ládùúgbò? Àṣá ní tirẹ̀, àlàjẹ́ ni, ìyẹn ti parí.

"Orúkọ awo" ni mo fọwọ́ sí fún Ged. Àwọn kan mọ awo, wọ́n sì jọ ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ ọfọ̀ tí wọ́n ti pe èèyàn mọ́ orúkọ ìyá rẹ̀ kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pa á mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú: ìyàwó ilé wa kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, Akọ́wé tàbí Ìbàdíàrán ni yóò pè é, ọ̀wọ̀ sì nìyẹn. Kí òǹkọ̀wé tètè jẹ́ kó hàn pé nítorí ewu ni wọ́n fi ń pa orúkọ mọ́ nínú ìtàn, kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀.

Nígbà tí Vetch, ọ̀rẹ́ Ged, sọ fún un pé Estarriol lòun ń jẹ́, "ó sọ orúkọ rẹ̀ fún un" kò tó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "ó fi orúkọ awo rẹ̀ lé e lọ́wọ́."