Ṣé kí a fi ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ti Lehman ṣáájú Bronx Science fún ọmọ tó fẹ́ràn ìtàn?

Ìyá Àdùkẹ́ (Bronx):

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà, mo kí yín, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọbìnrin mi wà ní kíláàsì kẹjọ, yóò sì ṣe SHSAT nígbà ìwọ́wé yìí, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama àkànṣe ti ìjọba ìlú New York. A gbọ́dọ̀ to orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ẹsẹẹsẹ bí a ṣe fẹ́ wọn sí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa kò ti ṣọ̀kan. Bàbá rẹ̀ ní Bronx Science ni kó ṣáájú, nítorí pé gbogbo ayé ló mọ orúkọ rẹ̀, àti pé àwọn mẹ́sàn-án tó kàwé níbẹ̀ ló ti gba ẹ̀bùn Nobel. Ọmọ fúnra rẹ̀ ń fẹ́ High School of American Studies tó wà ní ọgbà Lehman College, níbi tí kò jìnnà sí Bronx Science rárá. Ìtàn ló fẹ́ràn. Ó lè jókòó ti ìwé nípa Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìrántí oúnjẹ.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀, láti kíláàsì kẹsàn-án dé ìkejìlá, kò ju bí 400 lọ, nígbà tí Bronx Science ní bí 3,000. Kí ni òbí fi ń díwọ̀n irú ilé-ẹ̀kọ́ kékeré bẹ́ẹ̀? Ṣé àǹfààní ni kíkéré rẹ̀ àbí àdánù? Bí a bá sì fi í ṣáájú, ṣé kò ní ba ti èkejì jẹ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́?

Bàbá Ìbejì (Queens):

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú àníyàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kẹ́yìn, nítorí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ òbí lọ́nà. Wọ́n á to gbogbo ọmọ láti orí ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù lọ wá sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá dé orí ọmọ kan, wọ́n á wo ìwé rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ sókè jù lọ nínú èyí tí àyè ṣì wà ni wọ́n á sì fún un. Nítorí náà, bí ẹ bá fi ti Lehman ṣáájú, tí àyè sì ti tán níbẹ̀, wọn yóò wo Bronx Science fún un gẹ́gẹ́ bí ẹni pé òun lẹ kọ́kọ́ kọ. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún ọmọ nínú àwọn mẹ́jọ tó ń lo ìdánwò yìí, nítorí náà ẹ tò wọ́n bí ọkàn yín ṣe fẹ́ wọn gan-an, ẹ má sì kọ èyí tí ẹ mọ̀ pé ọmọ kò ní lọ.

Ní ti kíkéré, ojú mi ti rí méjèèjì, nítorí pé Táyé wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan, Kẹ́hìndé sì wà ní ńlá. Nígbà kan tí Táyé gbé àròkọ rẹ̀ wálé, mo rí i pé olùkọ́ rẹ̀ ti kọ̀wé sí etí ojú ewé kọ̀ọ̀kan: ó béèrè ibi tó ti rí ẹ̀rí, ó fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan tó ta ko èyí tó ṣáájú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àṣìṣe tó ṣe lọ́dún tó kọjá ló tún ṣe yìí, kó wá rí òun lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Olùkọ́ tó rántí àṣìṣe ọmọ láti ọdún kan sí èkejì ṣọ̀wọ́n, mo sì ń dúpẹ́ lórí rẹ̀ títí di òní. Àmọ́ nígbà tí Táyé fẹ́ kọ́ físíìsì tó jinlẹ̀ jùyẹn lọ, wọ́n ní àwọn ọmọ tó fẹ́ ẹ kò pọ̀ tó láti ṣí kíláàsì fún. Kẹ́hìndé kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ rí.

Olùkọ́ Àgbà (Brooklyn):

Ẹ kú ìjíròrò o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú yìí, àwọn ìbéèrè Ìyá Àdùkẹ́ sì jẹ mí lógún púpọ̀.

Èkíní, ẹ má fi iye ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí jáde díwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣa ọmọ. Nínú bí 26,000 ọmọ tó ń ṣe ìdánwò yìí lọ́dún, bí 4,000 péré ni wọ́n ń fún láyè. Ọmọ tó bá ti la ìyẹn kọjá yóò gba ìwé ẹ̀rí níbikíbi tí ẹ bá fi í sí. Irú ọmọ tó wọlé ni iye yẹn ń sọ fún yín, kò sọ iṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe lórí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ẹlẹ́bùn Nobel: iyì ńlá ni, mo sì ń yọ̀ fún Bronx Science, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí yóò kọ́ ọmọ yín ní kẹ́mísìrì lọ́dún tó ń bọ̀.

Èkejì, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kíláàsì kékeré. Òfin tí ìpínlẹ̀ New York ṣe ní 2022 ní kí kíláàsì girama má ju ọmọ 25 lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú un ṣẹ. Ẹ béèrè iye ọmọ tó jókòó ní kíláàsì ìṣirò gan-an, kì í ṣe iye tó wà nínú ọgbà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù lọ ni àwọn olùkọ́. Níbi tí ọmọ bí 100 wà ní ọdún ẹ̀kọ́ kan, ó lè jẹ́ olùkọ́ kan tàbí méjì ló gbé odidi ẹ̀kọ́ kan, bíi físíìsì, dání. Bí ẹni náà bá lọ, ẹ̀kọ́ náà mì. Bí ó bá sì mọ iṣẹ́, gbogbo ọmọ ló ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹ béèrè iye ọdún tí olórí ilé-ẹ̀kọ́ ti lò níbẹ̀ àti iye olùkọ́ tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ẹ gba ìwé àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ *lọ́dún tó kọjá*, nítorí pé ohun tó wà nínú ìwé ìpolówó lè má wáyé bí ọmọ kò bá pọ̀ tó, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Ìbejì ti wí. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ ìtàn Amẹ́ríkà ní ti Lehman yìí, àwọn ọmọ sì láǹfààní láti gba ẹ̀kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀; ẹ béèrè àwọn tó ń rí i ṣe, ọdún tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, àti bóyá yunifásítì mìíràn yóò gba máàkì náà.

Ẹ wo School Quality Snapshot, ìròyìn lórí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìlú ń gbé jáde, pàápàá ohun tí àwọn ọmọ àti àwọn olùkọ́ fúnra wọn dáhùn. Ẹ kàn rántí pé níbi tí ọmọ kò ti pọ̀, ọmọ mélòó kan lè gbé iye náà sókè tàbí kí wọ́n fà á wálẹ̀, nítorí náà ẹ wo ọdún bíi mẹ́rin papọ̀.

Ìyá Àdùkẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an, Olùkọ́ àti Bàbá Ìbejì. Ó ku ohun kan tó wúwo lọ́kàn mi. Ọmọ mi dúdú, ó sì máa ń dákẹ́ láàárín èèyàn. Ǹjẹ́ kò ní dá wà?

Àbíkẹ́ (Harlem):

Ẹ kú àárọ̀, mà. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti jáde, nítorí náà mo fẹ́ sọ èyí láìfi bò. Àwọn ọmọ dúdú kò pọ̀ rárá nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe wọ̀nyí: ní 2023, nínú ọmọ 762 tí Stuyvesant fún láyè, méje péré ni ọmọ dúdú. Ní ọgbà kékeré, ojú kan náà ni ọmọ ń rí fún ọdún mẹ́rin. Bí ó bá rí ọ̀rẹ́ méjì tó dára, ó ti tó o; bí kò bá sì rí, kò sí ibòmíràn tí yóò yà sí. Fún ọmọ tó ń dákẹ́, ohun tó gbà mí là ni pé olùkọ́ kò lè gbàgbé mi sẹ́yìn, nítorí pé wọ́n mọ gbogbo wa lórúkọ. Lọ́jọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ṣílẹ̀kùn fún àwọn òbí àti ọmọ láti wá wò ó, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ bá àwọn ọmọ kíláàsì kẹwàá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì yẹra fún wọn díẹ̀. Kó bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n ń bá jẹun ọ̀sán àti ohun tí wọ́n ń ṣe bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ má jókòó ti ìdánwò yìí nìkan. Ẹ fọwọ́ sí ìwé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama yòókù náà lórí MySchools, ìkànnì tí ìlú fi ń gba orúkọ àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́, kí gbèdéke tó pé. Ẹ wo Bard High School Early College, tó ṣí ti Bronx ní 2023: ti ìjọba ni, lọ́fẹ̀ẹ́ ni, kì í lo SHSAT, ọmọ sì lè fi ọdún mẹ́rin náà gba ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì mọ́ ti girama. Bí owó tó ń wọlé yín kò bá pọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bóyá ètò Discovery kàn án. Àwọn ọmọ tí máàkì wọn fi díẹ̀ dín ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ràn lọ́wọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà wọ́n wọlé.