Dosimẹ́tà mi ka 9 láàárín oṣù mẹ́ta, ìyàwó mi ti lọ sí Kétu: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Àjàṣẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ní yàrá radió, ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Èmi ni mò ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀, èmi ni mò ń gbé arúgbó sórí tábìlì, èmi náà ni mò ń di ọmọdé mú tó bá ń jà. Ẹnikẹ́ni ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí. Owó oṣù gan-an, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń san án.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá pè mí níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní dosimẹ́tà mi, báàjì kékeré tó ń ka ìtànṣán, ka 9 millisievert (òṣùwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara) láàárín oṣù mẹ́ta, ti àwọn yòókù ò pé 1. Ó ní aláìbìkítà ni mí. Ìbéèrè kan ṣoṣo, kò bi mí. Mo délé, mo ro ó fún ìyàwó mi. Àbúrò rẹ̀ tó ń kàwé ní Calavi wà níbẹ̀, ó ní ìtànṣán máa ń yí àmì ara histone padà, ìyẹn purotéènì tí DNA (okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì) ká mọ́, kí n lọ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní gamma-H2AX. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí ìyá ìyàwó mi fi wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Kétu, torí oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀, wọ́n ní ìtànṣán wà lára mi. Níbo ni mo ti lè ṣe àyẹ̀wò yẹn? Mo ti ń wá owó yá.

Ìyá Ìbejì Wándó: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Nígbà tí zémìjàn (ọ̀kadà) gbá ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ya àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín oṣù kan. Onítọ̀hún ò tiẹ̀ dúró wo ẹni tó gbá! Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn kiri dòní. Wá agbo tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mu.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, agbo ò lè fọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìtànṣán radió kì í dúró sára. Wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, ó tán.

Ìyá Ìbejì Wándó: Agbo ló tọ́ ìwọ náà dàgbà.

Ẹ̀gbọ́n Oníradió: Àbúrò, fara balẹ̀. Ọmọ Calavi ò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. DNA inú sẹ́ẹ̀lì kan gùn tó mítà 2 tí a bá nà án. Ó ká mọ́ histone bí òwú ṣe ń ká mọ́ ìrànwú. Tí ìtànṣán bá já okùn méjèèjì òwú yẹn, purotéènì kan tó ń jẹ́ ATM máa ń lẹ phosphate, èròjà kékeré kan, mọ́ H2AX, ọ̀kan lára àwọn histone, láyìíká ibi tó já. Àmì yẹn ni gamma-H2AX. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń yọ, ó sì máa ń pọ̀ jù ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí. Ariwo tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pe àwọn purotéènì atúnṣe ni: MDC1 á dé, RNF8 á dé, 53BP1 àti BRCA1 á tẹ̀ lé wọn. Acetyl, èròjà kékeré mìíràn, á lẹ mọ́ histone H4 kí òwú lè dẹ̀, kí àwọn tó ń tún un ṣe lè ráyè. Tí wọ́n bá ṣe tán, phosphate á kúrò. Èyí tí kò bá ṣeé tún ṣe, p53, purotéènì tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì, lè dá sẹ́ẹ̀lì náà dúró tàbí kó pa á. Èyí tí wọ́n bá so lódì, tí sẹ́ẹ̀lì sì yè, ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà lára rẹ lónìí ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Láàárín ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ àmì yẹn ti lọ. Kíka krómósómù (ìdì DNA) tó so lódì ló lè rí ohun tó ti pẹ́ díẹ̀, òun náà kì í sábà rí ohun tó bá kéré sí 100 milligray (òṣùwọ̀n ìtànṣán mìíràn). Má yá owó kankan. Òdiwọ̀n àgbáyé fún òṣìṣẹ́ ni 20 millisievert lọ́dún tí a bá pín ọdún 5 dọ́gba, kó má sì ju 50 lọ nínú ọdún kan. 9 nínú oṣù mẹ́ta pọ̀, ó gba ìwádìí. Níbo ni báàjì ń wà tí o bá ti ṣíwọ́?

Bàbá Àjàṣẹ́: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó bú mi níwájú aláìsàn. Ẹ̀wù òjé tó ń dí ìtànṣán, èyí tí wọ́n fún mi gan-an ti sán léjìká, mo ti sọ títí.

Aya Kétu: Ìwọ lọ bẹ ìyàwó rẹ ná! Aboyún oṣù méje, o ń ka ẹjọ́ ọ̀gá. Má yá owó o.

Bàbá Àjàṣẹ́: Èmi kọ́ ni mo lé e.

Ẹ̀gbọ́n Oníradió: O ò tíì dá mi lóhùn. Báàjì dà?

Bàbá Àjàṣẹ́: Ara kóòtù funfun mi ló wà. Ìṣó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tí aláìsàn ń dúró tì fún àwòrán àyà, ibẹ̀ ni mò ń fi kọ́ tọ̀sán tòru. Ooru yàrá yẹn kì í ṣe kékeré. Tí mo bá fẹ́ di ọmọ mú, mo máa ń bọ́ ọ, màá wọ ẹ̀wù òjé.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Háà!

Ẹ̀gbọ́n Oníradió: Àbúrò, ìṣó yẹn ni báàjì ń kà, kò kà ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ara rẹ má gba tó 9. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ tó di orí ọmọ mú nínú ìtànṣán, kò sẹ́ni tó kà á, ìyẹn ló ká mi lára jù. Lọ́la, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ìṣó, kóòtù, ẹ̀wù tó sán, iye ọmọ tó ò ń dì mú lọ́sẹ̀. Fún ọ̀gá àti ẹni tó ń bójú tó ààbò ìtànṣán. Òbí ọmọ ni kó di ọmọ mú, ìyá tó bá lóyún kó yẹra, kí ẹni tó bá dì í sì wọ ẹ̀wù òjé. Kì í ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kan lójoojúmọ́. Báàjì, àyà ni, lábẹ́ ẹ̀wù òjé. Tí o bá ṣíwọ́, kó kúrò nínú yàrá yẹn.

Bàbá Àjàṣẹ́: Màá kọ ọ́ ní Faransé. Ìyá ìyàwó mi ńkọ́? Tí mo bá pè, wọn ò ní gbà mí gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Oníradió: Pè wọ́n lálẹ́ yìí. Tí wọ́n bá gbé e, fi mí sórí ìlà, èmi fúnra mi á bá màmá sọ̀rọ̀.