Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo ti pa òkèlè tì torí ìtọ̀ súgà

Ẹ kúulé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pé oṣù méjì báyìí tí mi ò fẹnu kan ẹ̀bà, àmàlà tàbí ìrẹsì. Ẹran màlúù, ẹyin, ẹja pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ ni mò ń jẹ. Láàárọ̀ àná mo gún ìka láti wo súgà inú ẹ̀jẹ̀ mi kí n tó jẹun, 118 mg/dL ni ẹ̀rọ gbé jáde, bẹ́ẹ̀ 190 ló máa ń wà tẹ́lẹ̀, inú mi dùn débi pé mo pe màmá mi lórí fóònù. Àmọ́ mi ò rí ìgbẹ́ yà dáadáa mọ́, ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin, tí mo bá sì dìde lójijì òòyì á máa kọ́ mi. Oògùn súgà mi mo ṣì ń lò ó bó ṣe wà, mi ò tíì sọ fún dókítà pé mo ti yí oúnjẹ padà, ẹ̀rù ń bà mí ni, ṣé oògùn yẹn ò ti wá pọ̀ jù báyìí? Màmá mi ní kí n máa fi ẹ̀wà díẹ̀ sí i, ṣé kò ní gbé súgà náà sókè? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń jẹ ẹ̀gúsí? Mo gbé abọ́ kan síwájú lálẹ́ àná, ọwọ́ mi kàn ń wá òkèlè ṣáá ni.