Ríra ọkọ̀ àlòkù ní gbàǹjo Amẹ́ríkà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra Corolla kan ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, kí n sì kó o wá sí Èkó. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó dá owó lé e?

Ìdáhùn: Ẹ fi nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 17 tó hàn lábẹ́ gíláàsì iwájú wo ìtàn rẹ̀, nítorí bí ìwé rẹ̀ bá jẹ́ salvage, a jẹ́ pé ó ti bàjẹ́ gan-an rí.

Ìdáhùn: Ọkọ̀ tí omi ti mu ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ ní kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí. Bó bá rí ẹrẹ̀ níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó máa dán tó.

Ìdáhùn: Bí ọkọ̀ náà bá ti ju ọdún 12 lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, òfin Nàìjíríà kò gbà á wọlé.