Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: antivirus ọ̀fẹ́ tí kò ní máa polówó lé mi lórí

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Antivirus ọ̀fẹ́ tí mò ń lò (mi ò ní dárúkọ) ti sú mi. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe tan kọ̀ǹpútà, ó ní òun rí ìṣòro 37. Àyà mi já! Mo tẹ̀ ẹ́ wò, kò sí fáírọ́ọ̀sì kan ṣoṣo níbẹ̀. Fáìlì àlòkù ni gbogbo rẹ̀, àti pé mi ò ní VPN (ohun tó ń fi ibi tí èèyàn wà pamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì). Mo tẹ "Fix all", ó gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń gbowó. Windows 11 ni tèmi. Èwo ni kí n lò?

Adé Oníkíbọ́ọ̀dù: Ẹ yọ ọ́ kúrò mà, ẹ má sì wá òmíràn. Defender wà nínú Windows yín. Láti Windows 8, ní 2012, ni Microsoft ti ń fi antivirus sínú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ gba àlejò, ìyẹn antivirus míì, wọlé ló lọ sùn. Tí àlejò bá ti lọ, á jí fúnra rẹ̀.

Tíṣà Fẹ̀yìntì: Òótọ́ ni Adé sọ. Ọ̀fẹ́ wọn gan-an kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní 2024, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí Avast, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe antivirus ọ̀fẹ́, san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là, torí ó ń ta àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn tó ń lò ó ń yà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdẹ tí ẹ gbà pé kó ṣọ́lé, òun ló ń ròyìn yín fún ará ìta!

Kọ́lá_K: Èmi máa ń fi Malwarebytes ọ̀fẹ́ kún un, mo ń fi yẹ ẹ̀rọ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òun náà á kọ́kọ́ fi ti olówó lọ̀ yín fún ọjọ́ 14 o. Ẹ má dá a lóhùn.

Ìyá Ìbejì: Mo ti yọ ọ́! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí bóyá ó dá mi lójú, ìkẹta ló wá dín owó kù fún mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ káàánú ẹ̀. Defender ti jí, mo rí máàkì aláwọ̀ ewé. Àmọ́ orúkọ èyí tí mo yọ ṣì ń yọjú nínú Chrome.

Adé Oníkíbọ́ọ̀dù: Extension (ètò kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ Chrome) tó fi sílẹ̀ nìyẹn mà. Ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta lókè lápá ọ̀tún, ẹ wá "Extensions", kí ẹ tẹ "Remove". Kó tó jáde, ẹ wò ó bóyá kò tíì pààrọ̀ ibi tí ẹ ti ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Ìbejì: Ó ti pààrọ̀ ẹ̀ o. Ọmọ burúkú!